Àrùn Wọ Ọgbà Ẹran: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Pípa Ẹran àti Sísin Òkú Rẹ̀ ní Agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́

Àwọn tó ń sin adìyẹ, ewúrẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù, láti Ìkòyí-Ilé títí dé Ajáàwà, ni mo kọ èyí fún. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé tí ẹran tó ń ṣàìsàn bá ti kú, tàbí tí a bá ti pa á, wàhálà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni àrùn máa ń rí ọ̀nà gbà jù: ó ń gba ọwọ́ ẹni tó pa á, ó ń gba inú ọkọ̀ tó gbé e, ó ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sínú kànga. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ kà á kí àrùn tó dé, torí tó bá dé tán, kò sẹ́ni tó ń ráyè kàwé.

Adìyẹ mẹ́wàá péré ló ń ṣàìsàn nínú ẹgbẹ̀rún. Kí ló dé tí wọ́n fi ní kí á pa gbogbo rẹ̀?

Tó bá jẹ́ bird flu ni, àwọn tó kù tí ẹ rò pé ara wọn le yẹn ti mu omi kan náà, wọ́n sì ti jọ ń mí afẹ́fẹ́ kan náà. Kòkòrò àrùn náà ti ń jáde nínú ìgbẹ́ àti ikun imú wọn kí orí wọn tó wú, kí ogbe wọn tó dúdú. Kò sí oògùn tó ń wò ó. African swine fever tó ń pa ẹlẹ́dẹ̀ náà kò gbóògùn. Ó wọ ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn wa ní 1997, ó sì ṣọṣẹ́ púpọ̀ ní Òkè-Àró, ní ààlà Ògùn àti Èkó, ní 2020. Tiẹ̀ kì í mú èèyàn, ṣùgbọ́n ó lè wà láàyè nínú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n gbé sínú fìríjì fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Àmọ́ ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ pa gbogbo ẹran yín kí dókítà ẹran tó mọ orúkọ àrùn náà. Lúkúlúkú lè jọ bird flu débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ lúkúlúkú ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kátà ewúrẹ́ náà ní. Àyẹ̀wò ló ń sọ èyí tó jẹ́.

Ta ni kí á pè? Kí ni kí á máa ṣe kí wọ́n tó dé?

Ẹ̀ka tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè, yálà Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́, Orí-Ire, Sùúrùlérè tàbí Ògo-Olúwa. Àwọn ni yóò kàn sí àwọn dókítà ẹran ìpínlẹ̀ ní Ìbàdàn. Ilé ìwádìí àrùn ẹranko tó wà ní Vom, nítòsí Jos, ni wọ́n sábà máa ń fi ohun àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà dókítà ẹran tó sún mọ́ yín sórí fóònù báyìí, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sára ògiri ilé oúnjẹ adìyẹ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, torí ọmọọṣẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí òkú, ọ̀gá kì í sí níbẹ̀.

Kí wọ́n tó dé, ẹ ti géètì. Ẹni kan ṣoṣo ni kó máa wọlé fún wọn lóúnjẹ, bàtà tó bá wọ̀ níbẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jáde. Kí ẹyin má jáde, kí ìgbẹ́ má jáde, kí ẹnikẹ́ni má wá kí yín ní «ẹ kú ìrọ́jú» nínú ọgbà. Ẹ fi tapólì bo àwọn tó ti kú mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ di ajá mọ́lẹ̀.

Gbèsè wà lọ́rùn mi. Ṣé kí n yára tà wọ́n kó tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Mo mọ ohun tó ń mú èèyàn béèrè èyí. Owó kọ̀ọ́pù ni ẹlòmíràn fi ra oúnjẹ adìyẹ, wọ́n sì ń retí rẹ̀ lópin oṣù. Ẹni tó bá ní kó ta ẹran náà kò sọ̀rọ̀ bí ọ̀tá, ó dà bíi pé ó ń gbà á là ni.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé adìyẹ kan ṣoṣo láti ọgbà yín. Ẹni tó rà á kó o sínú àgò pẹ̀lú ti ẹlòmíràn, ó so àgò náà mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ìyẹ́ ń fò, ìgbẹ́ ń kán sójú ọ̀nà. Ó gbé e dé Ọjà Jagun, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò mẹ́ta mìíràn. Èyí tí kò tà nínú wọn, ó gbé e padà sílé, ó sì tú u sáàárín àwọn adìyẹ ìbílẹ̀ ìyá rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹta, àrùn ti wà ní abúlé mẹ́rin, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá. Irú ìrìn báyìí ló gbé irú bird flu tí wọ́n ń pè ní H5N1 kiri ilẹ̀ yìí ní 2006. Oṣù Kejì ọdún náà ni wọ́n kọ́kọ́ rí i, ní oko adìyẹ kan ní Jàjí, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Ní oṣù Kìíní 2007, ọmọbìnrin ẹni ọdún 22 kan kú ní Èkó, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bird flu pa ní Nàìjíríà. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2015, àrùn náà tún padà wá, Kánò àti Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i.

Àwọn tó ń ra òkú adìyẹ lówó pọ́ọ́kú láti fi dín ẹran fún ọlọ́tí, ẹ má dá wọn lóhùn. Wọ́n máa ń dé kíá, wọ́n máa ń wá ní ìrọ̀lẹ́, owó ọwọ́ sì ni wọ́n máa ń mú wá. Ọmọ ẹlòmíràn ni yóò jẹ ẹ́.

Tí a bá sè é jinná dáadáa ńkọ́?

Ooru tó dé ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius ń pa kòkòrò bird flu, òótọ́ nìyẹn. Ewu náà ti ṣẹlẹ̀ kí ìkòkò tó gbóná. Ẹ wo obìnrin tó ń tu adìyẹ: ó ti dúńbú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ta sí i lápá. Ó rì í sínú omi gbígbóná nínú báàfù, ó tẹ̀ ba mọ́lẹ̀, èéfín omi náà ń bù ú lójú bó ṣe ń fa ìyẹ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ó ya inú rẹ̀, ó fa ìfun jáde, ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ adìyẹ ṣeré. Ibẹ̀ ni àrùn ti ń wọ ara èèyàn. Ẹ má sè é.

Ṣé kí á dúńbú wọn ni? Ọ̀nà wo ló yẹ kí á gbà pa wọ́n?

Ẹ má ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹran tó ní àrùn ń wọ ilẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, eṣinṣin sì ń bà lé e. Àwọn Mùsùlùmí kan máa ń sọ fún mi pé ọkàn wọn kò gbé e láti pa ẹran láìdúńbú rẹ̀. Ẹran tí a ó jẹ ni ìdúńbú wà fún, èyí kò sì ní dé ẹnu ẹnikẹ́ni, òkúǹbete ni. Ẹ bá ààfáà yín sọ ọ́ kí ọjọ́ náà tó dé, kó má baà di àríyànjiyàn lẹ́nu ọ̀nà ọgbà.

Bí adìyẹ kò bá pọ̀, àwọn tó mọṣẹ́ máa ń yí wọn lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kíá. Bí wọ́n bá pọ̀, gáàsì ni wọ́n ń lò nínú àpótí tó dé pa. Màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀, iṣẹ́ dókítà ẹran ni, ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sin ẹran láàyè láé. Ó ṣẹlẹ̀ ní Gúúsù Kòríà ní 2010 sí 2011, wọ́n ti ẹlẹ́dẹ̀ tó ń ké sínú kòtò, àwọn tó rí i kò sì gbàgbé rẹ̀. Ìkà ni, bẹ́ẹ̀ ni ẹran tó ń jà nínú kòtò ń fa aṣọ àti ìbọ̀wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ya.

Ìbọ̀wọ́ nìkan kò tó fún ẹni tó ń pa á?

Kò tó rárá. Nígbà tí irú bird flu tí wọ́n ń pè ní H7N7 wọ Netherlands ní 2003, wọ́n pa adìyẹ tó tó mílíọ̀nù 30. Èèyàn 89 ló kó o. Ojú pípọ́n ló kọ́kọ́ ṣe ọ̀pọ̀ wọn, dókítà ẹran kan sì kú. Nítorí náà, ẹ dáàbò bo ojú bí ẹ ṣe ń dáàbò bo imú: awò tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú, ìbòmú tó fún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ dáadáa, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn, aṣọ tó bo gbogbo ara, rénbúùtù.

Èyí tó kàn wá jù ni ti oṣù Keje 2024 ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń pa adìyẹ níbẹ̀ kó H5N1. Ooru mú nínú ilé adìyẹ náà gan-an, fáànù ńlá ń fẹ́ ìyẹ́ àti eruku kiri, òógùn kò sì jẹ́ kí awò àti ìbòmú dúró lójú wọn. Ẹ fi èyí wé ilé adìyẹ onípáànù ní Ògbómọ̀ṣọ́ lóṣù Kẹta, kẹ́ ẹ rò ó wò. Ẹni tí ooru ń pa yóò fa ìbòmú sísàlẹ̀ àgbọ̀n kó lè mí. Ẹ̀bi ẹni tó ṣètò iṣẹ́ náà ni, ẹ má dá ọmọọṣẹ́ lẹ́bi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró kí oòrùn tó gun òkè, kẹ́ ẹ pín ara yín sí ọ̀wọ́ méjì tí yóò máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ pa fáànù. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí ilẹ̀ kí eruku má baà gbéra.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ́ra, ìbọ̀wọ́ ni kó kọ́kọ́ kúrò, ẹ fọwọ́, ẹ yọ aṣọ, ẹ yọ awò, ìbòmú ni kó kẹ́yìn, ẹ sì tún fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Kí ọmọdé, aláboyún àti ẹni tí kò gbádùn má sún mọ́ ibẹ̀.

Ibo ni kí á sin òkú wọn sí? Mo ní ilẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Ẹ̀yìn ilé kọ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, téèyàn bá gbẹ́lẹ̀ níbi púpọ̀, kì í jìnnà kó tó kan àpáta. Omi tí ọ̀pọ̀ kànga wa ń fà wà nínú ilẹ̀ tó sinmi lórí àpáta yẹn. Ìdí nìyẹn tí kànga fi ń gbẹ nígbà ọyẹ́, tó sì ń kún lẹ́yìn òjò mélòó kan. Ohun tó bá ṣàn wọ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé yín kò rí ibi jìnnà lọ, ọ̀dọ̀ kànga ló ń lọ.

Òkú ẹran ń ṣomi púpọ̀. Ìṣirò tí wọ́n ṣe ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn àrùn ẹnu àti pátákò ọdún 2001, tó fa pípa ẹran tó ju mílíọ̀nù 6 lọ, fi hàn pé òkú màlúù àgbà kan lè tú nǹkan bíi lítà 80 sílẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kó sì di bíi 160 láàárín oṣù méjì. Ìyẹn ju kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́fà lọ, láti ara ẹran kan. Ní Gúúsù Kòríà lẹ́yìn 2011, kòtò tí wọ́n sin ẹran sí ju 4,000 lọ. Omi òkú jò láti inú ọ̀pọ̀ wọn, ìjọba sì ní láti fa omi ẹ̀rọ lọ sí àwọn abúlé tó wà nítòsí. Ní oṣù Kọkànlá 2019, nígbà tí African swine fever dé ibẹ̀, òjò ńlá wọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n tò jọ tí wọn kò tíì sin, odò kékeré kan sì pọ́n wẹ̀wẹ̀. Odò Ọbà ni ọ̀pọ̀ omi ẹ̀rọ ìlú wa ti ń wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oko ní òkè odò náà, ẹ rántí èyí.

Ìlànà àwọn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àgbẹ̀ ni pé kí kòtò jìnnà tó mítà 250 sí kànga tí èèyàn ń mu, àti mítà 30, ó kéré tán, sí odò tàbí ìsun mìíràn. Láti Sábó dé Ọjà Jagun, kò sí àgbàlá tó lè gba ìyẹn. Ohun tó mọ́gbọ́n dání ni kí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́sìn ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú baálẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, ti yan ilẹ̀ kan sílẹ̀ kí àrùn tó dé: ibi tó ga, tí ilẹ̀ rẹ̀ jìn, tí kò sí kànga nítòsí, tí katapílà lè dé. Bí mo bá ní àṣẹ, ohun tí màá kọ́kọ́ ṣe nìyí, torí lọ́jọ́ tí ẹran ẹgbẹ̀rún bá kú, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ kí wọ́n wá sin ín sí ilẹ̀ òun.

Ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ kòtò ná, kẹ́ ẹ tó pa ohunkóhun. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sun nísàlẹ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ ṣe ìwọ̀n tó rì ọrùn ẹsẹ̀ péré, ibẹ̀ kò dára, ẹ wá ibòmíràn. Erùpẹ̀ tó máa bo òkú kò gbọdọ̀ dín ní mítà kan, kẹ́ ẹ sì kó o jọ ga bí ebè torí ilẹ̀ yóò rì. Láìmù lè dín òórùn àti eṣinṣin kù, kò lè sọ kòtò tí kò jìn di èyí tó jìn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Denmark ní 2020 yẹ kó jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ fi erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó. Nítorí COVID, wọ́n pa mínkì, ẹranko kékeré tí wọ́n ń sìn nítorí awọ rẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù 15. Wọ́n sin púpọ̀ nínú wọn sínú kòtò tí kò jìn tó. Gáàsì tó ń ti inú òkú wọn jáde wú wọn, ó sì ń tì wọ́n padà sókè láti inú ilẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n hú wọn jáde, wọ́n sì lọ sun wọ́n.

Ṣé a kò lè sun wọ́n ni?

A lè sun wọ́n, ṣùgbọ́n igi tó máa sun màlúù kan di eérú pọ̀ ju ohun tí ẹ lérò lọ. Òkú tó jóná lójú tí inú rẹ̀ ṣì tutù kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ kò sun. Ẹ má fi táyà sun ún: èéfín dúdú rẹ̀ ní májèlé, ẹ̀yin àti aládùúgbò lẹ máa fà á símú. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, iná lè gba inú igbó lọ sí oko ẹlòmíràn.

Mo gbọ́ pé a lè fi òkú adìyẹ ṣe ajílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, òun ni mo sì fẹ́ràn jù fún adìyẹ, bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Inú ilé adìyẹ náà gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é, kò sí pé a ń gbé òkú jáde. Wọ́n á tẹ́ eruku igi láti sọ́míìlì nípọn, wọ́n á to òkú adìyẹ sí i pẹ̀lú ìgbẹ́ wọn, wọ́n á bu omi sí i díẹ̀, wọ́n á sì fi eruku igi mìíràn bò ó dáadáa. Ó máa ń gbóná fúnra rẹ̀. Tí inú rẹ̀ bá gbóná kọjá ìwọ̀n 55 fún ọjọ́ mélòó kan léraléra, kòkòrò bird flu kò ní yè é. Téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ láìní àlàfo tàbí tó mú kó tutù jù, kò ní gbóná, yóò kàn máa rà ni. Òkú tí antiráàsì, àrùn tó máa ń pa màlúù lójijì, bá pa kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà yìí.

Màlúù kan kú lójijì nítòsí wa. Ẹ̀jẹ̀ dúdú ń jáde ní imú àti ìdí rẹ̀, kò sì dì.

Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má bó o, ẹ má là á, ẹ má wọ́ ọ kúrò níbẹ̀. Ó jọ antiráàsì. Nígbà tí inú òkú náà bá wà ní dídé, kòkòrò rẹ̀ púpọ̀ á kú bí òkú ṣe ń rà. Tí ọ̀bẹ bá là á, tí afẹ́fẹ́ kàn án, á di irúgbìn tó le koko tó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ológun Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dán antiráàsì wò lára àgùntàn ní erékùṣù Gruinard ní Scotland ní 1942. Ọdún 1990 ni wọ́n tó kéde pé èèyàn lè tún padà sí ibẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n fi kẹ́míkà fọ ilẹ̀ náà.

Ní oṣù Keje 2023, wọ́n rí i ní oko kan nítòsí Súlèjà, ní ìpínlẹ̀ Niger. Ṣáájú ìyẹn ni ìjọba àpapọ̀ ti kìlọ̀ nípa pọ̀nmọ́, nígbà tó ti bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Ghana. Inú wa kò dùn sí ìkìlọ̀ yẹn ní ilẹ̀ Yorùbá, ta ni kò fẹ́ràn pọ̀nmọ́? Ṣùgbọ́n ẹni tó bó awọ màlúù náà ló wà nínú ewu jù.

Ẹ fi ẹ̀gún yí ibẹ̀ ká kí ajá má dé ibẹ̀, ẹ kó àwọn màlúù tó kù lọ sí ibòmíràn, kẹ́ ẹ pe dókítà. Ibi tó kú sí ni wọn yóò ti sun ún pátápátá. Àwọn tó kù yóò gba abẹ́rẹ́, kò sídìí láti pa wọ́n. Bó bá jẹ́ màlúù àwọn Fúlàní tó wà ní gáà ni, ẹ lọ bá Sàríkí wọn sọ̀rọ̀ bí aládùúgbò. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé wọ́n á dá òun lẹ́bi yóò kun ẹran náà, yóò tà á, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́.

Ṣé a lè jù ú sódò tàbí sórí ààtàn?

Rárá.

Ṣé ìjọba máa san owó ẹran tí wọ́n bá pa?

Wọ́n san án fún ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn nígbà bird flu 2006. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ẹran tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kà, tí wọ́n sì pa, ni owó náà wà fún. Èyí tó ti kú, tàbí èyí tẹ́ ẹ ti sin kí wọ́n tó dé, kì í sábà wọ inú ìṣirò. Nítorí náà ẹni tó tètè kéde ni kì í pàdánù gbogbo rẹ̀. Ẹ tọ́jú rìsíìtì ọmọ adìyẹ àti ti oúnjẹ, ẹ ya fọ́tò, kẹ́ ẹ sì gba ìwé tí wọ́n buwọ́ lù kí wọ́n tó kúrò.

Ìgbẹ́ adìyẹ tí olóko ẹ̀fọ́ ti san owó rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ dá owó rẹ̀ padà. Ìgbẹ́ náà yóò wà lọ́gbà, ẹ ó kó o pọ̀ mọ́ òkú tàbí kẹ́ ẹ bò ó kó gbóná. Kíréètì ẹyin náà, ẹ wo igun rẹ̀: ìgbẹ́ gbígbẹ àti ẹyin fífọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, kíréètì kan náà sì lè dé oko márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ti páálí, ẹ sun ún. Ti rọ́bà, ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ ná, kẹ́ ẹ tó rì í sínú hípò, torí ìdọ̀tí máa ń sọ hípò di omi lásán.

Mo ti fọwọ́ kàn án. Kí ni kí n máa ṣọ́?

Fún bird flu, ẹ ṣọ́ ara yín fún ọjọ́ 10: ibà, ikọ́, ọ̀nà ọ̀fun dídùn, ojú pípọ́n, èémí tí kò délẹ̀. Fún antiráàsì, egbò tó wú, tó dúdú láàárín, tí kì í sábà dunni, ní ọwọ́, ọrùn tàbí ojú. Oògùn rẹ̀ wà, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí ẹ bá tètè lọ. Kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yín sí dókítà ilé ìwòsàn jẹ́ «mo fọwọ́ kan ẹran tó kú». Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ibà màláríà ni wọ́n lè máa tọ́jú.

Ìgbà wo ni mo lè tún kó adìyẹ wọlé?

Ẹ kó gbogbo ìdọ̀tí kúrò, ẹ fi ọṣẹ fọ ilé náà débi igun òrùlé, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó fín oògùn apakòkòrò sí i. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà, ilé yóò ṣófo fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, dókítà ẹran ni yóò sọ iye rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kó díẹ̀ wọlé, ogún sí ọgbọ̀n, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n rìn káàkiri gbogbo inú ilé náà, kí dókítà sì gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí èsì bá mọ́, ẹ lè san owó ọmọ adìyẹ tó kù.